Síkáànì ní kò sí nǹkan kan, ohùn kò sì dákẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹ̀pẹ́ la wà. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ 20 ọdún, ti pa ilé-ẹ̀kọ́ tì láti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ó ní àwọn ará ilé kejì ń sọ̀rọ̀ òun. Lóru, ó máa ń dá ohùn tí àwa kò gbọ́ lóhùn. Kì í wẹ̀ mọ́ àfi tí a bá lé e. Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán ọpọlọ. Ìyá wa tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo gba àjọ rẹ̀ ṣáájú kó tó kàn án, a ya síkáànì náà, èsì dé: kò sí nǹkan kan. Àbúrò bàbá wa wá ní, "Ẹ ti rí i báyìí. Ọpọlọ ò ní nǹkan kan, àfiṣe ni." Ṣùgbọ́n èmi kà á pé ọpọlọ àwọn tó ní irú àìsàn yìí máa ń kéré sí i. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì? Ṣé ọpọlọ àbúrò mi ń bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí ìyá gan-an, torí mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹlẹ́ja gba àjọ kó tó kàn án. Owó náà kò ṣòfò, àmọ́ ohun tí ẹ rò pé ẹ fi rà kọ́ lẹ rà.

Ohun tí ojú lè rí ni síkáànì yẹn ń wá: kókó, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ, egbò, omi tó pọ̀ jù. Ó wá a, kò rí i. Ibi tí "kò sí nǹkan kan" mọ nìyẹn. Kò sọ pé ara àbúrò yín dá, kò sì sọ pé ayé ló ṣe é. Àìsàn tí àwa dókítà ń pè ní psychosis, ìyẹn ni kí èèyàn máa gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kó máa gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àti ìṣe rẹ̀ sì máa dàrú, síkáànì kò tíì ní ojú tí yóò fi rí i. Kì í ṣe ní Èkó nìkan o. Ní London, ní Amẹ́ríkà, kò sí dókítà tó ń wo àwòrán ọpọlọ nìkan kó ní ẹni báyìí ní in. Ẹnu aláìsàn àti ẹnu àwọn tó ń bá a gbé la fi ń mọ̀ ọ́n.

Èmi náà ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí sọ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, mo sọ fún bàbá apẹja kan ní ọsibítù tí mo wà nígbà náà pé, "Síkáànì á jẹ́ ká mọ̀." Bàbá yẹn ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Èsì dé bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ó wò mí lójú, ó ní, "Dókítà, ẹ ní á jẹ́ ká mọ̀." Ó kó ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, a kò sì rí wọn fún ohun tó lé ní ọdún kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti yí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà ká. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ sí ìwé síkáànì fún ẹnikẹ́ni, ohun tí síkáànì kò lè sọ ni mo máa ń kọ́kọ́ là yé wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kà kì í ṣe irọ́. Ní 1976, dókítà Eve Johnstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù Northwick Park ní London gbé àwọn aláìsàn 17 tó ní schizophrenia, ìyẹn oríṣi psychosis kan tó máa ń pẹ́ lára, tí wọ́n sì ti pẹ́ ní ọsibítù, sábẹ́ ẹ̀rọ síkáànì, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde. Wọ́n rí i pé àwọn ihò omi tó wà láàárín ọpọlọ wọn tóbi ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ. Gbogbo wa la ní ihò wọ̀nyí o, omi tó wà nínú wọn kì í ṣe àrùn. Bí wọ́n ṣe tóbi tó ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà náà, ìwádìí ti pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀kan tó gbòòrò gan-an nínú wọn jáde ní 2016, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ olùwádìí kan tó ń jẹ́ ENIGMA: wọ́n kó àwòrán ọpọlọ àwọn tó ní schizophrenia 2,028 jọ, wọ́n sì fi wé ti àwọn tí ara wọn dá 2,540. Ihò omi tóbi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàìsàn. Thalamus, oríta tí ìròyìn ojú àti etí ń gbà kọjá nínú ọpọlọ, kéré díẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn jù ni hippocampus, ẹran kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tí a fi ń tọ́jú ìrántí.

"Díẹ̀" tí mo ń wí yìí ni kí ẹ dì mú. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà Olúwo. Ká ní ìyá yín ra agbọ̀n àrọ̀ kan láti inú ọ̀sà, ó tún ra agbọ̀n kejì lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹja nínú adágún. Ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó pín ìwúwo lórí iye ẹja, ó rí i pé ti agbọ̀n kejì fúyẹ́ díẹ̀. Òótọ́ ni, òṣùwọ̀n kò purọ́. Kí ẹnì kan wá ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, kó fa àrọ̀ kan yọ, kó di ìyá lójú, kó gbé ẹja náà sórí òṣùwọ̀n, kó ní kí wọ́n sọ agbọ̀n tó ti wá. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹja ńlá wà nínú agbọ̀n tó fúyẹ́, ìṣín sì wà nínú èyí tó wúwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ. Bí mo bá gbé síkáànì méjì síwájú yín, ọ̀kan ti aláìsàn, ọ̀kan ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ẹ sì ń sọ pé ẹni tí hippocampus rẹ̀ kéré ló ń ṣàìsàn, ẹ ó gbà á ní bíi 63 nínú 100. Ẹni tó kàn ń ta owó ẹyọ sókè á gbà á ní 50. Ìdí nìyẹn tí dókítà kò fi lè ti ibẹ̀ dá ẹjọ́ fún ọmọ kan ṣoṣo.

Ìyá yín á mọ ẹja ọ̀sà yàtọ̀ sí ẹja adágún tí wọ́n bá tú ojú wọn, mo mọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń jà ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Èmi náà, ìṣe àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Nǹkan míì tún wà. Púpọ̀ nínú àwọn 2,028 yẹn ti wà nínú àìsàn fún ọdún pípẹ́. Lọ́dọ̀ ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, ìyàtọ̀ náà sábà máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, kódà nígbà míì kó tó di pé àìsàn fojú hàn. Ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, wọ́n ya ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ 75 tí àmì kéékèèké ti ń hàn lára wọn ṣùgbọ́n tí àìsàn kò tíì yọ. Nígbà tó yá, 23 nínú wọn ní psychosis. Nígbà tí wọ́n padà wo àwòrán tí wọ́n ti yà sílẹ̀, àwọn 23 yìí ti ní ìyàtọ̀ díẹ̀ ní àwọn apá kan níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ, àwòrán tí wọ́n sì yà lẹ́yìn náà fi hàn pé ìyàtọ̀ tún kún un lákòókò tí àìsàn ń wọlé. Èsì náà jáde ní 2003. Ẹ rí i pé kò bá ti àbúrò bàbá yín mu pé ọpọlọ kò mọ̀ sí i, kò sì bá ti ìbẹ̀rù yín mu pé ọpọlọ ti ń jẹrà.

Torí kì í ṣe jíjẹrà. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú ọpọlọ, bí ó ti ń rí nínú àrùn rọpárọsẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á kú. Nínú ohun tí à ń sọ yìí, nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò lábẹ́ ẹ̀rọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣì pọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kan ara wọn ló dínkù, ni wọ́n bá sún mọ́ra. Ọpọlọ gbogbo ọ̀dọ́ ló máa ń dín ẹ̀ka wọ̀nyí kù láti ìgbà ìbàlágà títí di ọdún ogún-ó-lé, bí àgbẹ̀ ṣe ń fa àgbàdo tó hù pọ̀ jù tu kí ìyókù lè gbó dáadáa. Lára àwọn kan, ó jọ pé fífà náà ti pọ̀ jù. Ní 2016, àwọn onímọ̀ rí i pé irú àbùdá ìran kan tí wọ́n ń pè ní C4, tó ní ọwọ́ nínú dídín ẹ̀ka wọ̀nyí kù, wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ní schizophrenia. Èyí bá ọjọ́ orí mu pẹ̀lú: bíi 15 sí 30 ọdún ni àìsàn yìí sábà máa ń yọjú, ti ọkùnrin sì máa ń ṣáájú ti obìnrin. Kì í ṣe pé ayé dìídì ń dúró de ọmọ kó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n tó mú un.

Ẹ jẹ́ n wá kúrò lórí àwòrán, ká wá sórí ohun tí ẹ̀ ń rí nínú ilé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ wa tí wọ́n ń pè ní dopamine. Ẹ fi wé akéde ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lu agogo nígbà tí ohun tó yẹ ká kọbi ara sí bá ṣẹlẹ̀: ọbẹ̀ ń jóná, ọkọ̀ ń bọ̀, ẹni tí a fẹ́ràn wọlé. Nínú psychosis, akéde yìí a máa lu agogo lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ará ilé kejì wúkọ́, agogo dún. Kọ́rópè kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, agogo dún. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí fóònù rẹ̀ lójú títì, agogo dún. Ẹni tí agogo ń dún nínú rẹ̀ báyìí, kò lè ṣe kó má wá ìdí. Ìdí tó bá sì rí, á gbá a mú, torí pé ìdí yẹn ló jẹ́ kí ayé tó dàrú mọ́ ọn lójú tún tò padà: "Ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ mi." Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ fẹ́ gba ohun kan ṣoṣo tó yé e lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn kì í fi í yí i padà, àfi kó máa bínú.

Agogo tó ń dún láìnídìí ni àìsàn. Ìtumọ̀ tí ọmọ fún un, inú ilé àti àdúgbò ló ti mú un. Ẹni tó wà ní Yúróòpù lè ní ìjọba fi ẹ̀rọ sí òun ní eyín. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ á ní ará ilé kejì ni. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò bàbá yín bá dúró lójú ọmọ náà tó ní àfiṣe ni, ẹ̀rí ló ń fún un. Àgbàlagbà ilé ti fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ẹ bá mi bẹ bàbá, kí wọ́n máa sọ ti wọn níbi tí kò ti ní gbọ́.

Ohùn náà wá ńkọ́? Ẹ má rò pé ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ni. Ó ń gbọ́. Apá kan wà lókè ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, ní ìtòsí etí, tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn lákòókò tí ohùn ń bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn apá tó jẹ mọ́ gbígbọ́ àti sísọ ọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, bí ẹni pé ènìyàn gidi ló ń sọ̀rọ̀. Ní 1990, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà rí i lára àwọn aláìsàn díẹ̀ pé bí apá yìí lọ́wọ́ òsì bá ṣe kéré tó ni ohùn náà ṣe ń le tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n yé pariwo pé "Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀!" Etí rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹnì kan wà. Ẹ sọ pé, "Èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwọ ń gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé kò jẹ́ kí o sùn." Ọ̀rọ̀ yìí kò parọ́, kò sì bá a jà.

Àmì kan wà tí ẹ fi ìlà kan péré sọ nínú ìbéèrè yín, òun ló sì ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kì í wẹ̀ mọ́ àfi tí ẹ bá lé e. Mo tọ́jú ọmọkùnrin kan rí, wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Ebi ń pa á, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mú búrẹ́dì, ó bù ú, ó gbé e sókè, ọwọ́ dúró láàárín àwo àti ẹnu. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí epo ẹ̀wà fi ń kán sí i lórí ẹsẹ̀. Ìyá ní, "Jẹun." Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ tún dúró. Ìyá kọjú sí mi, ó ní ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn yìí a máa gba ohun tó ń ti èèyàn láti inú lọ: ìfẹ́ láti dìde, láti bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, láti rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pa ni lẹ́rìn-ín. Ó sábà máa ń dé ṣáájú ohùn, bóyá ọdún kan ṣáájú, ilé á sì máa pè é ní ìgbéraga tàbí ọ̀lẹ. Oògùn a máa tètè pa ohùn lẹ́nu mọ́. Ti èyí máa ń pẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ohùn ti lọ ṣùgbọ́n tó ṣì jókòó sẹ́yìn ilé láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹ má sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan lójúmọ́, kí ẹ sì bá a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: kó pọn omi kan, kó bá ìyá ka ẹja mẹ́wàá.

Lórí oògùn, ẹ máa gbọ́ pé ó ń pa ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ohun kan, n kò ní í bò ó. Ní 2011, ìwádìí kan tó tọ́pa àwọn aláìsàn 211 fún ọdún púpọ̀ rí i pé àwọn tó lo oògùn jù ni apá ọpọlọ wọn tó ní àwọ̀ eérú dínkù jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń wá ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì fi oògùn kan ẹnu rí náà ní ìyàtọ̀ nínú ọpọlọ, bí ti àwọn ọ̀dọ́ Melbourne. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì: ìwádìí kan tó jáde ní 1999 tọ́pa àwọn 104 tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí oògùn sì ràn lọ́wọ́. Láàárín ọdún márùn-ún, bíi 82 nínú 100 ni àìsàn tún padà bá, ewu náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún fún àwọn tó dá oògùn dúró. Ẹ bi dókítà bí yóò ti pẹ́ tó. Ọdún kan sí méjì lẹ́yìn tí ara bá ti yá ló sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dá a dúró lójijì torí pé ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà wa náà mọ ibi tí wọ́n ń nawọ́ sí. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ń fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ara ẹbí igi rẹ̀ ni wọ́n ti yọ reserpine jáde ní 1952, oògùn tó ń dín dopamine yẹn kù gan-an. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan. Ó lè fa ìfúnpá wálẹ̀ títí ẹni náà á fi dákú, ó sì lè mú ìbànújẹ́ wọ ọkàn. Bí àbúrò yín bá ti ń lo oògùn ọsibítù, ẹ má da àgbo pọ̀ mọ́ ọn.

Oṣù márùn-ún tí ẹ dárúkọ ló ń kan mí lójú. Bí àkókò láàárín ọjọ́ tí ohùn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ bá ṣe gùn tó ni ìwòsàn ṣe ń nira tó. Ní agbègbè Rogaland ní Norway, wọ́n fi rédíò, ìwé ìròyìn àti ilé-ẹ̀kọ́ kéde àmì àìsàn yìí, wọ́n sì gbé ikọ̀ kan kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè pè. Àkókò náà kúrú gan-an. Nígbà tí wọ́n dá ìkéde dúró, ó tún gùn padà. Norway kò ní àfiṣe, síbẹ̀ àwọn náà ń jókòó lé e nílé.

Ní ti àbúrò bàbá yín, n kò ní kí ẹ bá wọn jà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ààfáà ka Kùránì fún un, kí ó kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Ìbàdàn àti Kumasi, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2020: níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì ní ibùdó wọn láti jọ tọ́jú aláìsàn, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibi tí oníkálukú ti ń dá ṣe lọ. Nítorí náà, àdúrà pẹ̀lú oògùn, kò burú. Ẹgba, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ààwẹ̀ tipátipá ni mi ò fẹ́. Ọpọlọ tó ń ṣàìsàn kò yẹ kó tún máa bá ebi jà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ló máa kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ọpọlọ ní Yábà tàbí ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà bó bá yẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "Yaba Left" ti ba ọ̀pọ̀ ẹ̀rù. Láti 1907 ni ọsibítù yẹn ti wà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ló sì ń gba oògùn wọn tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, ṣúgà, HIV àti syphilis, àrùn ìbálòpọ̀ kan, kí ẹ sì bi í nípa igbó láìjágbe mọ́ ọn. Ìwádìí tó jáde ní 2019 láti ibi 11 ní Yúróòpù àti Brazil rí i pé ewu psychosis fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó ń fa igbó líle lójoojúmọ́. Kọ̀lọ̀rádò tí àwọn ọmọ ń fà kiri báyìí, kì í tilẹ̀ ṣe igbó, kẹ́míkà ni wọ́n fín sí ewé.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí gìrì bá gbé e, bí ọrùn rẹ̀ bá le, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tàbí tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, síkáànì tó dára tẹ́lẹ̀ kò sì ní kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ bi í ní gbangba pé, "Ṣé ohùn yẹn máa ń sọ pé kí o pa ara rẹ, tàbí kí o ṣe ẹnì kan léṣe?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Ìgbà tí àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ewu yẹn ga jù. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n bá ti fún un ní oògùn, ẹ ṣọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lára ọ̀dọ́kùnrin pàápàá, ọrùn lè ṣàdédé yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú lè yí sókè, ahọ́n lè le lẹ́nu. Ẹ̀rù ló máa bà yín, àwọn kan á sì ní òun náà ni ẹ̀mí tó ń bá a jà. Oògùn ló ṣe é, oògùn míì tí wọ́n ń pè ní Artane sì wà fún un. Ẹ gbé e padà sí ọsibítù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i pé nǹkan yí padà sí i, wákàtí tó ń sùn, ohun tó sọ àti bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹni tó ti ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí bàbá àti ti ìyá. Ẹ fi ìwé síkáànì náà sáàárín rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìwé kékeré yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún un.